Áńtẹ́nà Orí Òrùlé àti Rádà San Juan

San Juan ni olú-ìlú Puerto Rico, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2009, ohun àjèjì kan ń yọ lójú rádà tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀. Òjò kọ́, ìjì kọ́. Ìlà gbọọrọ ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín àwòrán, ó sì lọ tààrà dé etí. Gbogbo ibi tí ìlà náà bá gbà kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè fọkàn tán ohun tí rádà ń sọ níbẹ̀ mọ́.

Rádà yìí kì í ṣe ti ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kóun mú agboòrùn dání. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1985, ọkọ̀ òfuurufú Delta 191 fẹ́ balẹ̀ ní Dallas-Fort Worth, ní Texas, nígbà tó kó sínú ẹ̀fúùfù tó ń já wálẹ̀ láti inú òjò. Bí irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ bá kan ilẹ̀, ṣe ló ń fọ́n ká. Yóò kọ́kọ́ kọlu ọkọ̀ níwájú, ọkọ̀ á sì ga sí i. Láìpẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ látòkè. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ẹ̀yìn tì í, apá ọkọ̀ ò sì ní rí atẹ́gùn tó lè gbé e dúró. Ènìyàn 137 ló kú, tó fi mọ́ ẹnì kan tó ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ ní títì. Nítorí irú àjálù báyìí ni wọ́n ṣe gbé irú rádà ti San Juan yìí sítòsí pápákọ̀ òfuurufú tó lé ní 40, kó lè máa kìlọ̀ fún awakọ̀ òfuurufú kó tó pẹ́ jù. Orí ìgbì 5,600 sí 5,650 megahertz ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ Sosoliso já ní Port Harcourt, ní Nàìjíríà, ènìyàn 108 sì kú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ iléèwé tó ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésìmesì. Àwọn tó ṣèwádìí kò gbé gbogbo ẹ̀bi lé ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ka ìjì òjò àti ẹ̀fúùfù tó ń yí padà lójijì mọ́ ohun tó dá kún un.

Ta ló wá ń da rádà San Juan láàmú? Ọ̀tá kọ́, olè kọ́. Àwọn tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé dé ilé ni.

Iṣẹ́ gidi niṣẹ́ wọn. Bí ilé méjì bá fẹ́ lo nẹ́tíwọọ̀kì kan náà, tí títì tàbí odò sì wà láàárín wọn, gbígbẹ́ ilẹ̀ láti ri wáyà máa ń náni lówó gọbọi. Áńtẹ́nà kan lórí òrùlé ibí, èkejì lórí òrùlé ọ̀hún, kí wọ́n kọjú síra, kí igi tàbí ilé má sì dí wọn lójú, ọ̀rọ̀ ti parí. Orí ìgbì 5 GHz, níbi tí ìgbì rádà yẹn náà wà, ni ọ̀pọ̀ ń lò nítorí pé kò gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí rádà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá gbọ́ rádà, kó kúrò níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó má sì padà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Àdéhùn yìí ni wọn ò pa mọ́. Ìlà tó wà lójú rádà ló tọ́ka ibi tí ìgbì tó ń dà á láàmú ti ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé orí òrùlé. Wọ́n bá ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa ètò ìtẹ́tísílẹ̀ rẹ̀, àti èyí tí wọ́n tò bíi pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tí ètò náà wà lórí wọn ṣùgbọ́n tí kò dá rádà mọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2010, FCC kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà àtàwọn tó ń lò ó. Síbẹ̀, ní ọdún 2020, ó tún fẹ́ bu owó ìtanràn 25,000 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní Puerto Rico kan náà, lórí ẹ̀sùn kan náà.

Kí ló ń fa irú èyí? Bí ẹ̀rọ bá sá fún rádà, íntánẹ́ẹ̀tì oníbàárà á já, oníbàárà á sì pe fóònù pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó gbé áńtẹ́nà sókè mọ̀ pé bóun bá pa ètò ìtẹ́tísílẹ̀ yẹn, ariwo á dópin. Ohùn oníbàárà ń dún létí rẹ̀. Ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń balẹ̀ nínú òjò kò ní nọ́ńbà rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí òrùlé tó ń fi ìgbì dí rádà lójú.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Pé ìgbì kan kò gba ìwé àṣẹ kò sọ ojú òfuurufú di ti ẹnì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí ní Èkó, Ìbàdàn àti ibi gbogbo, orílẹ̀-èdè tí ẹ wà gan-an ni kí ẹ yàn lórí ẹ̀rọ. Ẹ má pa ètò ìtẹ́tísílẹ̀, ẹ má sì lo agbára ju èyí tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já nítorí rádà, ẹ gbé e lọ sórí ìgbì mìíràn tí òfin gbà, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún oníbàárà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbéṣẹ́ fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó.