Ẹ Wádìí Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Mu Ún

Bíbélì kíkà: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 17:10-12



Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, ìkìlọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri: kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má baà mú un. Ìyá jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n pe àbúrò lóru. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola kọ́ ló pa wọ́n.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi gbà á gbọ́? Iyọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. A fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Èlíṣà dà á sí omi Jẹ́ríkò, omi náà sì dára. Ẹni tí ó fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn wa. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a máa fa omi kúrò nínú ọpọlọ, ó sì lè pa ènìyàn.

Àwọn ará Bèríà fi ayọ̀ gba ìwàásù Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Bíbélì yìn wọ́n fún un. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì wò, mélòó mélòó ni fídíò tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe é?

Níhìn-ín ní Prince George's County, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi ń bi fóònù léèrè kí wọ́n tó bi dókítà. Òmíràn kò ní ìnṣọ́ránsì, òmíràn ń ṣe iṣẹ́ méjì, òmíràn ń bẹ̀rù bíìlì. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò kò mọ̀ bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kò sì mọ oògùn tí ẹ ti ń lò. Àgbo tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan lè bá oògùn yín jà nínú ara.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí fídíò. Ẹ gbé ohun tí ẹ rí lọ bá dókítà, ẹ má sì fi àgbo pamọ́ fún un. Bí àyè dókítà kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn ní fámásì. Kì í gba owó ìbéèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mu ohun tí kò yẹ, ẹ pe 1-800-222-1222, tọ̀sán tòru, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá dákú tàbí tí kò lè mí dáadáa, 911 ni kí ẹ pè.

Kí ẹ tó fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé, ẹ rántí pé òun lè má wádìí rẹ̀ rárá, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ti wá.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń wádìí, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.