Bí Kò Bá Ní Padà Síbi Tó Wà Tẹ́lẹ̀

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 28:1–11, 29:4–10

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Èbìbí 2023, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ló ti dun àwọn kan jù. Àwọn tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, ni mò ń wí, àwọn tó to ìgò ńláńlá sórí tábìlì pákó lẹ́bàá títì, tí àrọ àti aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ epo kò kúrò lọ́wọ́ wọn, tí àwọn ọlọ́kadà zémìjàn sì máa ń tò síwájú wọn láàárọ̀. Epo tó ń ti òdìkejì ibodè wá gbówó lórí lójijì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé, "Ẹ fara balẹ̀, ó máa padà síbi tó wà." Bí wọ́n sì ti ń retí ni wọ́n ń jẹ owó ọjà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni wòlíì Hananáyà sọ. Inú ilé Olúwa ló dúró sí, níwájú àlùfáà àti gbogbo èèyàn, tó ní kò ní ju ọdún méjì lọ tí gbogbo ohun tí ọba Bábílónì kó lọ yóò fi padà sí Jerúsálẹ́mù, àti èèyàn àti ohun èlò. Ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ ọ? Jeremáyà gan-an ṣe àmín sí i! Ẹ tún ẹsẹ kẹfà kà dáadáa. Ó wu Jeremáyà náà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà ní ìgbèkùn, ohun tí Ọlọ́run ní kó sọ ló sọ: kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dá oko, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n fọ́mọ fọ́kọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n bá ara wọn. Àádọ́rin ọdún ni. Ẹni tó ti pé ogójì ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà mọ̀ pé òun kò ní fojú kan ilé mọ́ láyé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìgbọràn sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí, kó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà ńlá lọ wo Mọ́sálásí Ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1912. Àlejò tí kò mọ̀ yóò pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ilé gogoro méjì tó wà níwájú rẹ̀ àti ọnà ara ògiri rẹ̀ jọ ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Bràsíìlì. Àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn ẹrú tó padà wálé láti Bràsíìlì, ló kọ́ ọ. Ogun ló kó àwọn bàbá wọn, wọ́n tà wọ́n sókè òkun, abẹ́ pàṣán ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Bàhíà ní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan jáde; àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n wọkọ̀ wálé. Ilé kò dúró dè wọ́n. Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro, ìlú mìíràn ti di igbó. Ni ọ̀pọ̀ wọn bá dúró sétí òkun, ní Àgúé, ní Wìdà, ní Èkó, àti ní Àjàṣẹ́ wa níbí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ nínú ìyà ni àwọn àtàwọn ọmọ wọn fi kọ́ ilé alájà fún ara wọn, òun náà ni wọ́n fi kọ́ ilé Ọlọ́run.

(Kí ẹnikẹ́ni má bínú pé mọ́sálásí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé àṣàrò Kristẹni. L'Àjàṣẹ́, agbo ilé kan náà lè ní Álíájì àti katikísì, àwo kan náà ni wọ́n sì ń jẹ lọ́jọ́ ọdún.)

Oko ẹrú kò torí èyí di ohun rere o. Ara mi kì í gba ẹni tó bá lọ kí opó, tó wá ń sọ fún un pé gbogbo rẹ̀, ire ni. Jeremáyà kò pe Bábílónì ní ilé. Ìgbèkùn ló pè é nínú lẹ́tà náà gan-an. A lè sunkún, ká sì máa gbin ẹ̀fọ́. Ohun tó ń pa èèyàn ni kó jókòó ti ẹrù tó ti dì, ọdún lé ọdún, kó máa wọ̀nà fún ọkọ̀ tí Hananáyà ṣèlérí.

Ẹni tó ti ń ta kpayo láti ọdún pípẹ́ mọ oníbàárà tó ń san awìn àti èyí tí kì í san. Ó mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan láìdà á sílẹ̀, ó mọ ìṣírò orí, ó sì mọ bí a ṣe ń jí kí ìlú tó jí. Owó epo kò lè kó ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, àti fún ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Kùtọnu tó ku òun nìkan nílé.

Iṣẹ́ òní: Ẹ wá ohun kan tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, tí ìyípadà tó dé bá yín kò gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ṣe ará àdúgbò kan lóore kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ mọ ohun tó wù mí kó padà, n kò fi pa mọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí yóò bá pẹ́, fi ilẹ̀ díẹ̀ hàn mí tí mo lè gbin nǹkan sí lóṣù yìí, kí o sì bù kún ìlú tí mo wà yìí, àtọ̀rẹ́ àtẹni tí kò fẹ́ràn mi. Lórúkọ Jésù. Àmín.