Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé



Wòlíì Aísáyà fi Olúwa wé olùṣọ́-àgùntàn tí í gbé àwọn ọmọ àgùntàn mọ́ àyà. Èyí tí kò lè rìn ni a ń gbé.

Ní 1978, ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọmọ tí ó kéré lé ìyá rẹ̀ láyà, ara kan ara, nítorí ẹ̀rọ tí í mú ọmọ móoru kò tó. Ní 2021, ìwádìí ní orílẹ̀-èdè 5, Nàìjíríà pẹ̀lú, fi hàn pé bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìbí, ikú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa dín kù.

Ọ̀rá kò tó lára wọn, òtútù sì lè pa wọ́n. Àyà ìyá ni iná wọn, ọmú ni oúnjẹ wọn. Oríkì tí a rọra kì sí wọn létí ni ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n wákàtí 8 ó kéré tán lójúmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Nílé, ìyá àgbà ìbá wà nítòsí. Níhìn-ín lókè Ọya, àwa ni ìyá àgbà. Kí baba ti ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì dé, kí ó gba ọmọ mọ́ àyà. Kí ẹ̀yin ìyá ìjọ gbé oúnjẹ lọ, kí ẹ bá wọn fọṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọmọ náà kò ní dúró.

Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Kí Olúwa dá wọn sí fún wa. Àmín.