Ọ̀bẹ Hamburg: Ṣé Orí Monica Seles Ni, àbí Ọwọ́ Ọmọ Aráyé?

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993 ni, níbi ìdíje tẹ́níìsì kan ní ìlú Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Monica Seles ti gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Magdalena Maleeva, 6-4, ó sì ti ń léwájú nínú èkejì, 4-3. Àwọn méjèèjì lọ sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Seles jókòó sórí àga létí pápá, ó tẹ̀ síwájú láti mu omi. Ibi tó ti ń tẹ̀ síwájú yẹn ni ọkùnrin kan ti yọ sí i lẹ́yìn láàárín èrò ìwòran, tó fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹran kúrò lára egungun gún un láàárín palaba èjìká méjèèjì. Ọ̀bẹ náà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kó kan ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ọmọ ọdún 19 ni. Òun ló wà ní ipò kìíní lágbàáyé.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹni, ohun tí Yorùbá máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé orí ló yọ ọ́. Tó bá yá, tí egbò ti jinná ṣùgbọ́n tí ọmọ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹnu kan náà a tún ní bó ṣe wà nínú kádàrá rẹ̀ nìyẹn, kó gba kámú. Ó yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Bó bá jẹ́ orí ló gbà á lọ́wọ́ ikú, ta ló fi ọ̀bẹ ránṣẹ́ sí i?

Orí tí Seles gbé wáyé kò fara sin. Novi Sad ni wọ́n bí i sí ní 1973, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Yugoslavia nígbà náà. Károly, bàbá rẹ̀, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. Bàbá náà so okùn láti ara ọkọ̀ kan mọ́ ìkejì níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́bàá ilé wọn, ó fi ṣe nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ya àwòrán sára bọ́ọ̀lù kí gbígbá rẹ̀ lè máa wu ọmọ. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ náà fi ń di ráákẹ́ẹ̀tì mú, ìbáà jẹ́ lápá ọ̀tún, ìbáà jẹ́ lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe dàgbà. Ní 1986 ó ré òkun lọ sí Florida láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ní 1990, lọ́mọ ọdún 16, ó na Steffi Graf ará Jámánì ní àṣekágbá ìdíje Faransé ní Paris. Títí dòní, kò tíì sí obìnrin tó kéré tó o tó gba ife yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1991 títí di oṣù kejì 1993, nínú ìdíje 34 tó lọ, ó dé àṣekágbá 33. Ife Grand Slam, ìyẹn ti àwọn ìdíje tẹ́níìsì tó tóbi jù lọ, mẹ́jọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọmọ 20.

Àwọn àgbà wa kò fi ọ̀rọ̀ orí ṣeré. Ìtàn Ifá kan sọ nípa ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú, Oríléèmẹ̀ẹ́rẹ́ àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé orí tí kò jiná, òjò sì pa á lọ́nà títí ó fi ṣán. Ti Afùwàpẹ́ dé ayé láìlábùkù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé ohun gbogbo ti parí lọ́run. Ṣùgbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, ka ọmọ aráyé mọ́ àwọn tó lè ba ìpín rere jẹ́. Ìyẹn ni pé Yorùbá mọ̀ pé ẹnìkan lè yan orí rere, kí ẹlòmíràn sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a lọ́nà. Kádàrá tí à ń pè lónìí, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ló bá ẹ̀sìn Ìmàle wọlé. Kò yẹ ká fi í bo ohun tí àwọn bàbá wa ti là sọ́tọ̀.

Ọkùnrin Hamburg náà kò fi ìdí ọ̀ràn rẹ̀ pamọ́: ó fẹ́ kí Graf padà sí ipò kìíní. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró, kò lọ sẹ́wọ̀n. Graf kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ lọ wo Seles ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, Grand Slam 11 ni Graf ní kó tó di ọjọ́ náà, ó sì tún gba 11 lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè búra pé Seles ni ì bá gba wọn. Ohun tó dájú ni pé kò sí níbẹ̀ láti bá a dù ú. Ẹni tó bá pe èyí ní àyànmọ́ ti dá ọ̀bẹ láre.

Ọdún méjì ó lé oṣù mẹ́ta ni Seles fi kúrò lórí pápá. Egbò ara ti jinná tipẹ́. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó padà. Nígbà tó tún dé ní oṣù kẹjọ 1995, ó gba ife Canada ní Toronto. Ní oṣù kìíní 1996 ó gba ife Australia, ẹ̀kẹsàn-án àti èyí tó kẹ́yìn nínú Grand Slam rẹ̀. Jẹjẹrẹ pa bàbá rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1998. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó so òrùka bàbá náà mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn, ó sì fi dé àṣekágbá ìdíje Faransé. Arantxa Sánchez Vicario ló borí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà ń pe irú ìyẹn, ìyẹn akitiyan ẹni, tí wọ́n ní orí rere kò lè dé ibi kankan láìsí i. Seles lo orí, ó sì lo ẹsẹ̀. Ọ̀bẹ ni kò sí nínú ohun tó kúnlẹ̀ yàn.

Títí tó fi kéde ní 2008 pé òun ti fẹ̀yìn tì, kò tún gbá tẹ́níìsì nínú ìdíje kankan ní ilẹ̀ Jámánì mọ́.