Ta Là Ń Bọ́ Nígbà Tí A Bá Ń Bọ́ Ejò?

Ní Ọ̀fà níbí, bí èèyàn bá sọ pé ejò wà nínú yàrá òun, igi ni àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ wá. Bó bá wá fi kún un pé òun fúnra òun lòun gbé e wọlé, tóun sì ń wá ohun tó máa jẹ, àdúrà ló kù tí wọ́n máa gbà fún un. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ là ń rí i lórí fóònù: ọmọ mọ́námọ́ná tó ká jọ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń sìn ín ní London tàbí Texas, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tẹ àmì ìfẹ́ sí i. Àwọn kan nínú wa ti ń bèèrè pé ṣé àwa náà ò lè sìn ín ni. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Bí a bá gbé ẹ̀dá tí kò mọ ọpẹ́ dá sínú ilé, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun là ń tọ́jú, pé kì í ṣe ara wa?

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ẹranko òyìnbó ni. Láti Senegal títí dé Uganda ni mọ́námọ́ná ń gbé, Nàìjíríà sì wà láàárín. Ní Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan máa ń mú èyí tó lóyún tàbí kí wọ́n wú ẹyin rẹ̀ nínú ihò, wọ́n á pa á, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti 1975, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta irú ejò yìí tó ti kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàyè. Ọmọ ilé wa ni wọ́n ń bọ́ lókè òkun.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń bọ́ ọ? Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, kò ju nǹkan bí gíráàmù 50 sí 80 lọ. Ọmọ eku kan tí kò fẹ̀ ju ibi tó nípọn jù lára ejò náà ló máa ń jẹ, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje. Bó ṣe ń dàgbà ni eku ń tóbi sí i, tí ọjọ́ sì ń jìnnà síra. Àmọ́ oúnjẹ nìkan kọ́. Ara ejò kì í dá mú ooru wá. Ooru àyíká ló fi ń lo oúnjẹ. Apá kan ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó bí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì sì tutù díẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lè yan èyí tó bá a lára mu. Bó bá jẹun tán, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pọ gbogbo ẹ̀ jáde.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. A ti jẹ́ kó mọ́ wa lára pé ohun tó bá ń lọ sókè ló dáa. Ó rọrùn láti kọ áàpù kékeré kan tí á máa gba ìwọ̀n ejò sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí á sì ya ilà fún wa. Ilà náà á máa gòkè, inú wa á sì máa dùn. Àwọn tó ń sìn ín fún títà mọ adùn yìí dáadáa: wọ́n fẹ́ kí abo tètè tó gíráàmù 1,500 kó lè yé ẹyin, wọ́n á wá máa rọ́ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ejò náà á tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá á máa kó sára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Nínú igbó, mọ́námọ́ná lè lo oṣù mélòó kan láìjẹun, kó má sì ṣẹlẹ̀ sí i. Abo máa ń wé mọ́ ẹyin rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, kò ní jẹ nǹkan kan. Nígbà tí ọkàn wa kò bá wá balẹ̀ torí pé ejò kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, ebi ta ló ń pa wá? Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ajá mọ olówó rẹ̀, ejò ò mọ ẹnì kankan. Ẹ̀dá tí kò lè san oore, gbèsè wo lèèyàn jẹ ẹ́?” Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, nítorí ìgbà púpọ̀ là ń ro oore pọ̀ mọ́ ẹ̀san. Àmọ́ ọpẹ́ kọ́ ló dá gbèsè yìí sílẹ̀. Ìdérí tí a fi bo ilé ejò ló dá a sílẹ̀. Kó tó wọlé wa, ó lè wá eku fúnra rẹ̀, ó lè rìn lọ síbi tí oòrùn ti ń ta. Ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni ebi rẹ̀ àti òtútù rẹ̀ di tiwa.

Ẹ wò ó ní Ọ̀fà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kí ló máa mú ilé ejò gbóná? Bí eku inú fírísà bá yọ̀, ṣé ẹ máa fún un ní èyí tó ti fẹ́ bàjẹ́ torí owó tẹ́ ẹ ná? Bí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn gbẹ, awọ rẹ̀ lè má bọ́ dáadáa. Ìfẹ́ ò tó. Jẹnẹrétọ̀ á dá sí i.

Eku náà ńkọ́? Òun náà ní ẹ̀mí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé ẹyẹ kéékèèké ni mọ́námọ́ná tó kéré ń jẹ jù, àwọn tó tóbi ló ń jẹ eku jù. Èyí tó ń jẹ ewé kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín ti gbà láti máa fi ẹ̀mí bọ́ ẹ̀mí. Kò burú, bẹ́ẹ̀ layé rí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti pa láìjẹ́ kó joró ló yẹ, nítorí eku ààyè lè bu ejò jẹ pàápàá. Ẹni tó bá ju eku ààyè sí i kó lè ya fídíò, àwọn òǹwòran ló ń bọ́.

Ní Ouidah, ní Bẹ̀nẹ̀, ilé òòṣà àwọn mọ́námọ́ná wà títí dòní, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n máa ń tú àwọn ejò náà sílẹ̀ lóru kí wọ́n lọ wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Bí ọ̀kan bá wọ ilé onílé, wọn kì í pa á, wọ́n á gbé e padà ni. A ò ní kẹ́nikẹ́ni bọ ejò. Ohun tí a rí kọ́ ni pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀dá kan, kó sì jẹ́ kó wá oúnjẹ ara rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Lóṣù keje 2020, mọ́námọ́ná kan yé ẹyin méje ní ọgbà ẹranko ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1961 ni wọ́n ti gbà á síbẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 15 tó ti rí akọ kẹ́yìn. Ẹ ṣírò iye ọwọ́ tó ti bọ́ ọ. Ọmọ ogún ọdún tó bá gbé ọmọ ejò wálé lónìí lè ṣe ìgbéyàwó, kó bímọ, kó gba iṣẹ́ lókè òkun, kí ejò náà ṣì máa retí eku.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé, bí ẹ bá rí ọmọ mọ́námọ́ná lóko, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kò lóró, eku tó ń jẹ àgbàdo yín ló ń wá. Bí ó bá sì ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọn oúnjẹ rẹ̀ nípa ara tirẹ̀, ẹ má wọ̀n ọ́n nípa ìdùnnú yín. Kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ bọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.