Ìgbà Wo Ni A Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Sọ Pé "Mo Mọ̀"?

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló mọ ohun tó rí?

Ní ọdún 1977, NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager 1 lọ sí òfurufú láìsí èrò nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan wà tó ń ti ara oòrùn fẹ́ wá, ó yí ayé wa àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ká bí èèpo ṣe yí ẹyin ká. Ibi tí agbára rẹ̀ parí sí ni ààlà. Ní ọdún 1983 àti 1992, àntẹ́nà ọkọ̀ náà gba ìró rédíò láti iwájú: afẹ́fẹ́ oòrùn tó le ló lọ kọlu ààlà náà. Àwọn onímọ̀ gbà pé ààlà wà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì débẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, èérún tó ń ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá dín kù lójijì, ti òde sì pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti pariwo pé, "A ti kọjá!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ì bá wọn afẹ́fẹ́ náà tààrà ti bàjẹ́ láti ọdún 1980, agbára òòfà ibẹ̀ kò sì yí padà bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n jiyàn, wọ́n sì dúró. Ní ọdún 2013, àntẹ́nà gba ìgbọ̀nrìrì tó fi hàn pé ohun tó yí ọkọ̀ ká ki ju ti inú lọ ní ìlọ́po 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó kéde pé ọkọ̀ ti kọjá láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2012.

Bí ẹnìkan bá pariwo "Gbọ́mọgbọ́mọ!" lábẹ́ bíríìjì Sango nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń wọkọ̀ lọ sílé, ta ni yóò béèrè ẹ̀rí kejì kí táyà tó dé ọrùn ẹni tí wọ́n nàka sí? Bí àwọn onímọ̀ yẹn bá ṣì í, kò sẹ́ni tí yóò kú. Tiwa ń gba ẹ̀mí, síbẹ̀ àwa la kì í dúró.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá dúró, gbọ́mọgbọ́mọ á sá lọ. Ṣùgbọ́n dídi ènìyàn mú yàtọ̀ sí dídá a lẹ́jọ́. A lè dì í mú, ká gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì pe ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ pé ìyá ọmọ náà ni, a ó bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí a ti dáná sun, ta ni yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa?

Nítorí náà, bí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà nínú ọ̀rọ̀, kí ọmọlúàbí má tijú láti sọ pé, "N kò tíì mọ̀."