Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Dín Ẹ̀jẹ́ Kù?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi tó ń gbé ní North Carolina, l'Ámẹ́ríkà, pè mí. Ó ní, "Bàbá, ìlú tí mò ń gbé fún ilé-iṣẹ́ kan lówó ìrànwọ́ pé kó gba èèyàn síṣẹ́. Ọjà ò yá mọ́. Wọ́n wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìlú dín iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n gbà kù. Ṣebí ẹ̀jẹ́ nìyẹn? Ṣé ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ò ní san án ni?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn pé kí ìlú má gbà. Àfi bí mo ṣe rántí obìnrin kan. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ nídìí Ifá pé bóun bá ríṣẹ́. Ó sì ríṣẹ́. Ní 2020, ọdún kòrónà, wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ sí méjì. Kò sá fún mi. Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ mi ò ká ewúrẹ́ báyìí." A bi Ifá. Ifá gba àgbébọ̀ adìẹ, ewúrẹ́ sì di ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Òun kọ́ ló dín in kù, èmi náà kọ́. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ́ la bi.

Ta ló wá ni ẹ̀jẹ́ ilé-iṣẹ́? Owó tí ìjọba fi ṣèrànwọ́, owó orí ará ìlú ni. Òun ni wọn ì bá fi tún ọ̀nà ṣe, òun ni wọn ì bá fi sanwó tíṣà. Ará ìlú ló ni ẹ̀jẹ́, kì í ṣe olóṣèlú tó bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ya fọ́tò.

Ẹ wo Winston-Salem, ní North Carolina yẹn kan náà. Ìpínlẹ̀, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ Forsyth ṣèlérí ìrànwọ́ tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún Dell kó lè wá máa ṣe kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ní 2005. Ní oṣù kẹwàá 2009, tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, Dell kéde pé òun máa ti ibẹ̀ pa. Òṣìṣẹ́ 905 lọ̀rọ̀ kàn. Àmọ́ ìlú ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí iṣẹ́ ò bá dúró, owó á padà. Owó ìlú padà. Iṣẹ́ ò padà.

Ọ̀nà míì ni wọ́n gbà ní Wisconsin. Ní 2017, Foxconn ṣèlérí iṣẹ́ tó tó 13,000, ìpínlẹ̀ náà sì ṣèlérí nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là. Kò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Ní 2021, wọ́n jọ padà sídìí àdéhùn: iṣẹ́ di 1,454, owó di 80 mílíọ̀nù. Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ̀jẹ́ ṣe wálẹ̀ ni ẹ̀bùn náà wálẹ̀. Ìyẹn tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní Mount Pleasant ti kó kúrò nílé wọn kí ilé-iṣẹ́ yẹn lè rí ilẹ̀. Àdéhùn tuntun ò dá ilé wọn padà.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ìlú bá le jù, ilé-iṣẹ́ á kó lọ, tọ́tún tòsì á pàdánù. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí wọ́n má dín ohunkóhun kù. Àmọ́ ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kí ọjọ́ tó pé yàtọ̀ sí ẹni tó gbowó tán, tó wá fi ọjà tí ò yá bojú.

Mo wá sọ fún ọmọ mi pé: "Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìwé owó wọn níwájú ará ìlú. Bí iye èèyàn bá dín, kí owó ìrànwọ́ náà dín. Kí wọ́n má lé àwọn tó ti wà níbi iṣẹ́. Kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa gba àwọn tó kù."

Ó ní, "Bí wọn ò bá gbà ńkọ́, Bàbá?"

Mo ní, "Kí wọ́n dá owó olówó padà nìyẹn."

Obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá ní 2022. Èmi gan-an ti gbàgbé. Òun ò gbàgbé.